Lọ́rì Rẹ Ti Ń Mí Kanlẹ̀

Agboolé wa,
Ẹdẹ.

Sàídì Àlàó, ọmọ mi,

Àsàlámù àláékù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú tí kì í fẹ̀yìn lélẹ̀, mo sì kí ọ kú omi òkun tí o sọ pé ó wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí òkun náà mọ orúkọ rẹ. Kí ó fún ọ ní ọ̀gá tó mọ̀ pé ọmọ ẹnìkan ni ọ́. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí Fàsílátù ọmọ rẹ tí a kò tíì gbé jó. Ní ti àwa níbí, a jí lónìí, a fi ẹsẹ̀ ara wa jáde, kò sí ẹni tí a ń wá nínú wa àfi ìwọ.

Samuel ránṣọ-ránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, òun náà ló ka tìrẹ fún mi. Ó ti ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ní kí òun máa kọ kíákíá. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fi sínú lẹ́tà, mo bi í pé lẹ́tà ta ni, ó bá ń kọ ọ́ lọ.

Ara ìyá rẹ le. Iṣu oko wa ní Alájùé ta dáadáa, ilẹ̀ ti ń là lórí ebè. Ewúrẹ́ dúdú tí o mọ̀ ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan, akọ yẹn jẹ fìlà mi. Kúlúsúmù àbúrò mi ṣì ń rẹ aró lẹ́yìn ilé, ẹnu rẹ̀ kò tíì rọ̀, ó ń sọ káàkiri pé èmi àti lọ́rì rẹ ti di tọkọtaya nítorí pé ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó bí mo bá ti oko dé. Fọ́tò Fàsílátù tí o fi ránṣẹ́ wà lára ògiri yàrá ìyá rẹ. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ìyá rẹ á fi ìborùn bò ó kí òtútù má baà mú un. Mo sọ fún un pé bébà ni. Ó ní ṣé ọmọ Sàídì ni mo ń pè ní bébà. Mo bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí, ṣùgbọ́n kò fún mi lẹ́ran lọ́jọ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó mú mi pe Samuel. O kọ ọ́ pé bí oṣù yìí bá parí tí a kò tíì mọ ohun tó ń ṣe lọ́rì rẹ, kí Jacob dírẹ́bà gbé e fún onírin àlòkù tó máa ti Ìbàdàn wá, kí wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí Samuel kà á dé ibẹ̀, mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Sàídì, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn irin. Nígbà tí o ra lọ́rì yẹn lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà, kí a tó gba òmìnira, gbogbo wa la rí i pé ó ti gbó, ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣe é tì láìfi èjìká bá a jà. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan nínú tí lọ́rì àwọn ará Ẹdẹ yòókù kò ní, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì bí ewìrì ṣe ń fẹ́ iná alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá ń bọ̀ láti Èkó tó sì ń gun òkè láti odò Ọ̀ṣun, ewìrì yẹn á máa fọn fèrè, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Kí ó tó dé orí òkè, ìyá rẹ á ti gbé omi kaná. Èmi náà á ti jáde sójú ọ̀nà bí ẹni pé mo ní ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Jacob á kó obì àti iṣu lọ, bí ó bá ń bọ̀, ìwọ á wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku á ti sọ irùngbọ̀n rẹ di ti àgbàlagbà. Láti ìgbà tí lọ́rì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín, tí agbára rẹ̀ lọ, tí kò lè ru ẹrù gun òkè mọ́, a kò rí ọ. Iléyá ti kọjá lórí wa, ààwẹ̀ ti kọjá. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ o ń kọ pé bí lọ́rì bá yá, ẹ ó rí mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ lọ́rì fi di ọ̀rọ̀ tèmi. Bí wọ́n bá tú u sí wẹ́wẹ́, kí ni yóò wá yá tí a ó fi rí ọ?

Nítorí náà mo gbé àwọn ìbéèrè tí ẹnjiníà ibi iṣẹ́ yín ní kí o bi wá sí àyà, mo sì ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe sọ.

Ó ní kí a kọ́kọ́ wo àwọ̀ èéfín. Ó ní bí ó bá funfun, omi ló wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Bí ó bá rí bí aró, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì ara rẹ̀. Bí ó bá dúdú, epo dísù tó ń mu pọ̀ ju atẹ́gùn tó ń mí lọ. Mo pe àwọn àgbà agboolé, Jacob sì ṣáná sí lọ́rì náà, ó fẹsẹ̀ tẹ iná rẹ̀ títí àwọn adìyẹ fi sá wọ ilé. Àwọn kan ní ó dúdú, àwọn kan ní aró wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ di ìjà. Mo wá ní ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rẹ aró ń bẹ láàárín wa, kí ni a ń jà sí. Kúlúsúmù jáde wá pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ tó ṣì ń kán tótó, ó nà án sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín náà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wúkọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi aró òun wé ìyà yìí mọ́, ó ní dúdú ni, dúdú bí ìdí ìkòkò àpọ́n. Nítorí náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnjiníà pé dúdú ni, aláró ló jẹ́rìí.

Ó tún ní kí a fi aṣọ funfun sí ẹ̀yìn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, kí a wo ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sọ pé kí ènìyàn má wà nínú aṣọ náà. Aṣọ funfun kan ṣoṣo tí mo ní ni èyí tí mo fi ń kí Jímọ̀, mo sì ti wọ̀ ọ́, mo kọ ẹ̀yìn sí páìpù, mo ní kí Jacob tẹ̀ ẹ́. Jacob ní Bàbá, ẹ bọ́ ọ. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a ṣe tán, ẹ̀yìn mi rí bí ẹ̀yìn ààrò. Mo lọ kírun bẹ́ẹ̀, nítorí pé àkókò ti tó, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní ìlà ìrun kò lè forí kanlẹ̀, ẹ̀rín ń pa á. Ṣùgbọ́n Kúlúsúmù ti fi ìka ra á, ó ní gbígbẹ ni, kò ní ọ̀rá nínú, ọṣẹ dúdú sì bó o kúrò ní ìka òun lẹ́ẹ̀kan. Jacob ní ìyẹn ni pé kì í ṣe ọ́ìlì ló ń jó. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi hàn mí, ọ́ìlì kò dín.

Ó kan aago kékeré tó wà níwájú dírẹ́bà, èyí tí ẹ ní kí a wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. N kò ní fi pa mọ́ fún ọ, mo ti ń bá aago yẹn ṣe kùnsínú ọjọ́ ti pẹ́. Mo máa ń lọ wò ó kí n tó ṣe àlùwàlá ọ̀sán, kì í kúrò lójú kan. Mo ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé aago tí òyìnbó fi sínú ọkọ̀ kò mọ ìrun. Jacob ló wá ṣàlàyé pé kì í ṣe aago àkókò, èémí ewìrì ló ń wọ̀n. Bí lọ́rì bá dúró, abẹ́rẹ́ á sùn, bí lọ́rì bá ń gun òkè, abẹ́rẹ́ á dìde. A gbé e lọ sí òkè odò, èmi níwájú, mo tẹjú mọ́ ọn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́rì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ń kí ènìyàn. Bí a ṣe dojú kọ òkè, abẹ́rẹ́ yẹn gbórí sókè díẹ̀ bí aláìsàn tí wọ́n ní kó wá jẹun, ó wò yí ká, ó tún dùbúlẹ̀. Èéfín bò wá. Àwọn tó ru iṣu kọjá lára wa. Obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó tún gbé igbá lérí, yà wá sílẹ̀, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o. Jacob dorí kodò. Mo dá obìnrin náà lóhùn, mo ní a ń bọ̀ lẹ́yìn.

Fèrè ńkọ́, o bèèrè. Kò fọn fèrè mọ́. Ó ń kùn nínú bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu.

Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí le fún bébà, mo gbèrò pé kí ẹnjiníà yín fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ níbi tí tẹlifóònù wà, mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pé aláìsàn wa wà níta, ó fẹ́ wúkọ́ fún wọn ní Èkó. Ó ní kí aláìsàn wọlé. Mo ní lọ́rì ni. Ó wò mí. Ó ní lọ́rì kò lè wọ inú ọ́fíìsì. Mo ní èmi náà mọ̀, kí òun gbé tẹlifóònù jáde. Ó ní okùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀nà. Mo ní kí ó dúró, okùn ewúrẹ́ mi gùn, n ó lọ mú un wá kí a so ó mọ́ ọn. Jacob ló wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fà mí jáde, ó ní Bàbá, ohùn kì í gba okùn ewúrẹ́ kọjá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dán an wò.

Kí oṣù tó parí ni onírin àlòkù yẹn ti dé. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó mú òòlù dání, ó ń fi kan lọ́rì káàkiri bí ẹni tó ń ra ìkòkò. Mo jẹ́ kí ó kàn án títí. Nígbà tí ó kọ ẹ̀yìn, mo gun iwájú lọ́rì, mo tẹ́ ẹní ìrun mi sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo gbé búta omi sí ẹsẹ̀, mo fa ilẹ̀kùn. Ó ní Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ wo abẹ́ ìjókòó. Mo ní ohun tó wà lórí ìjókòó ni kó kọ́kọ́ wò. Ó ní ọmọ yín ló ní kí n wá. Mo ní èmi náà ni mo ní kí ọmọ mi wá, kò tíì wá, nítorí náà kí òun náà ṣe sùúrù. Ó bi Kúlúsúmù pé ṣé bàbá máa ń ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Kúlúsúmù ní ó ń ṣe é láti kékeré, ó ní bàbá wa tó bí wa kú láìrí i kó gbà pé òun ṣìnà rí, ó ní kí onírin rà mí pọ̀ mọ́ lọ́rì, kí wọ́n jọ wọ̀n wá lórí ìwọ̀n kan náà. Ọkùnrin náà ní òun kì í ra egungun. Ìyá rẹ gbé àsáró tọ̀ mí wá, ó gbé e gba ojú fèrèsé fún mi, kò bá mi wí, kò gbà mí níyànjú. Ó kàn ní kí n rọra, ó gbóná. Nígbà tí onírin rí i pé mo jẹun tán tí mo tún ń tẹ́ ẹní láti sùn, ó bá tirẹ̀ lọ, ó ní òun ń bọ̀ níparí oṣù.

Ìgbà náà ni Jacob lọ sí Òṣogbo, ó mú mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Ọlátúnjí wá. Ó bèèrè gbogbo ohun tí ẹ bèèrè, mo sì ń dáhùn kí Jacob tó la ẹnu. Mo ní dúdú ni, gbígbẹ ni, ọ́ìlì kò dín, abẹ́rẹ́ kò dìde, fèrè ti dákẹ́, ní òkè ló ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó wo Jacob. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń dà á láàmú, èémí ni. Ó ní yálà atẹ́gùn ń jò lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ewìrì ti fẹ́ ẹ tán, tàbí kò ráyè wọ inú ewìrì rárá. Ó po ọṣẹ nínú igbá, ó fi ìfófòó rẹ̀ ra gbogbo ọ̀nà rọ́bà tó ti ara ewìrì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Jacob tẹ̀ ẹ́, ó ń wò bóyá ìfófòó náà máa wú níbi kan. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ń wò. Kò wú.

Bí a ti ń wò ó ni ó ń sọ fún mi bí ewìrì náà ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ ọ. Mo ti rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Ó ní rárá, èéfín tó ń jáde lọ ló ń ti abẹ̀bẹ̀ kan bó ṣe ń kọjá, abẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń yí èkejì tó ń fa atẹ́gùn tuntun wọlé. Ẹni tó ń jáde ló ń fa ẹni tó ń wọlé. Mo jókòó sórí táyà, mo rò ó. Mo ní àwa náà ti rán ẹni jáde, a kò tíì rí ẹni tó fà wọlé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ lọ́rì ni mo ń sọ, ó ní ìyẹn ni òun náà fẹ́ wá ìdí rẹ̀.

Ó wá ṣí ọ̀fun lọ́rì, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ewìrì. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì fa nǹkan kan jáde tí eruku ti sọ di dúdú, tó ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí ni èyí. Ìyá rẹ tó dúró lẹ́yìn wa ní tírà òun ni.

O kò mọ̀ nípa tírà yẹn. Ìgbà tí o kúrò nílé kẹ́yìn, ìyá rẹ sunkún títí, mo bá lọ bá aáfà, mo ní kí ó bá wa ṣe ohun tí kò ní jẹ́ kí lọ́rì yìí máa jìnnà sílé. Ó ṣe é, ó dì í sínú awọ. Ìyá rẹ fẹ́ so ó mọ́ ara irin róbótó tí Jacob fi ń darí ọkọ̀. Èmi ni mo ní rárá, ọ̀fun ni àìsàn ń gbà wọ ara ènìyàn, kí a ká a mọ́ ibẹ̀. Bí Jacob ṣe gbé e ti Èkó dé, a ṣí ìdérí ọ̀fun rẹ̀, a gbé tírà sí i, ó sì dùn mọ́ wa nínú. Nígbà tí lọ́rì ń mí, ó fà á mọ́ra, ó há sí ẹnu ọ̀nà ewìrì.

Ọlátúnjí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú. Ó ní tírà ló ń fún lọ́rì lọ́rùn, dísù ń wọlé bó ṣe yẹ, atẹ́gùn kò rí àyè, ìyẹn ló fi ń tú èéfín dúdú tí kò sì lágbára. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀, aáfà náà mọṣẹ́. A ní kí lọ́rì má jìnnà sílé, ṣé ó jìnnà? Ó wà lábẹ́ igi nínú agboolé wa, adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ló jẹ́. Títí di ìsinsìnyí n kò rí ibi tí tírà ti ṣe àìdáa.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò bá mi jiyàn, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó gba tírà náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Ó bi mí pé, Bàbá Sàídì, ṣé ohun tí a ṣe kí ó má baà lọ ni kò jẹ́ kí ó lè bọ̀? Mo ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní lọ́rì la dè, ìwọ tí a fẹ́ dè kò sí nínú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí a dè é. Mo fẹ́ fi ìyẹn tù ú nínú ni. Kò tù ú.

Ọlátúnjí fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ ewìrì wò, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò fara pa. Ó fi kẹrosíìnì fọ ọ̀fun rẹ̀, ó dé e padà. Ó ní kí a gbé e lọ sí òkè. A sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, a yí i padà, Jacob tẹ̀ ẹ́. Sàídì, lọ́rì rẹ mí kanlẹ̀. Mo rí abẹ́rẹ́ yẹn, ó dìde dúró ṣánṣán. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọ̀nà, mo rí igi, kò sí èéfín tó bò wọ́n. Nígbà tí a dé àárín òkè, fèrè bẹ̀rẹ̀. Jacob ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń lu ìjókòó.

A gbàgbé pé àdúgbò ń gbọ́. Bí a ṣe yọ sí ojú ọ̀nà, wọ́n ti tò síta. Àwọn ọmọdé ń sáré, wọ́n ń pe orúkọ rẹ. Kúlúsúmù ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ aró títí dé ìgúnpá. Ìyá rẹ ló ṣáájú gbogbo wọn, kò wé gèlè, ó ti mọ ibi tí a lọ, ó mọ̀ pé èmi àti Jacob ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ láti rántí. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tí o máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí mi. Ó ní ẹ káàbọ̀. Mo ní o káre. Ó ti ilẹ̀kùn padà.

Jacob fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó obì, àwọn oníṣòwò ti ń wá bá a. Mo ní lọ́rì yìí kò ní ru ẹrù ẹnikẹ́ni kí ó tó ru ọ́. Wọ́n ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí onírin àlòkù bá dé níparí oṣù, Kúlúsúmù ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dá a lóhùn.

Owó iṣẹ́ Ọlátúnjí ṣì kù díẹ̀, mo ti fi iṣu san apá kan. Bàtà mi ti ya. Aṣọ Jímọ̀ mi ń fẹ́ àrọ́pò, o mọ ohun tó ṣe é. Ìyá rẹ ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, nítorí náà ra ìborùn fún un, èyí tó ní ti bo fọ́tò. Ṣùgbọ́n má fi owó náà ránṣẹ́. Má fi sínú àpòòwé, má sì gba bébà tí wọ́n ń fi pààrọ̀ owó ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí pé èyí tí o fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gba owó rẹ̀ tán, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ́, n kò rí ẹni tó kí mi. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Samuel ní kí n bi ọ́ pé ṣé rélùwéè kò dúró ní Ẹdẹ mọ́ ni. Mo ní kí ó má kọ ìyẹn. Bí o bá rí i níhìn-ín, ó kọ ọ́ ni.

Kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́ ló máa mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Jacob ló máa fi lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá ti ń kà á, lọ́rì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, nítorí náà má jókòó kọ èsì. Mo ti mú kí Jacob búra pé kò ní gbé ẹnikẹ́ni sí ìjókòó iwájú láti Ẹdẹ títí dé Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ alága kan ló bẹ̀ ẹ́. Ìjókòó náà gba ọ́, ó gba ìyàwó rẹ, Fàsílátù á sì jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ nítorí eruku.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o lè wá, a kò ní bínú, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo ti sọ ohun tí Jacob máa ṣe fún un. Kí ó má fi lọ́rì gun òkè wa. Kí ó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́bàá odò, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé, kí ó pe èmi nìkan sẹ́yìn ilé. N ó mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, á dá àwa náà sí fún ọ. Ọ̀nà kò ní nà ọ́. Ohun tó o bá fi ọwọ́ rẹ kàn á dára, ọmọ rẹ á gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí o ṣe ń gbọ́ràn sí mi lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Afọlábí.
Mo tẹ ìka mi mọ́ ọn. Ìyá rẹ náà tẹ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.